Ìtọ̀ Tó Ń Kán Lórí Ìrun: Ìdáhùn fún Ẹni Tí Àìsàn Prọ́sítéètì Ń Dà Láàmú

ÌBÉÈRÈ: Àáfà wa, as-salaamu alaekun. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo ń gbé, ẹni ọdún 46 ni mí, èmi ni mo sì máa ń ṣíwájú ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa bí Lèmọ́mù kò bá sí nílé. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ìtọ̀ ti ń ta mí, tí abẹ́ ń ro mí. Bí mo bá tọ̀ tán tí mo ṣe àlùwàlá, ẹ̀kán kan tàbí méjì tún ń jáde bí mo bá ti tẹ̀ fún rúkúù. Dókítà ní kòkòrò àrùn ló wọ prọ́sítéètì mi. Ṣé ìrun mi bàjẹ́? Ojú ń tì mí láti bi ẹnikẹ́ni.

ÌDÁHÙN: Wa alaekumu salaam. Arákùnrin mi, Sáyídínà Aliyu náà ní omi kan tó máa ń jáde lára rẹ̀ léraléra. Ojú tì í láti bi Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), nítorí ọmọ Ànábì ni ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n kò torí ìtìjú pa ìbéèrè náà mọ́ra: ó rán Mikidaadi, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà Ànábì, lọ, èsì tó sì bọ̀ ni pé kí ó fọ ojú ara rẹ̀, kí ó ṣe àlùwàlá. Inú Bukhari ni hádíìsì náà wà.

Abẹ́ àpò ìtọ̀ ni prọ́sítéètì wà, ọ̀nà ìtọ̀ sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí kòkòrò bá wọ ibẹ̀, ó lè wú, kí ó sì fún ọ̀nà náà, tí ìtọ̀ kò fi ní tán bọ̀rọ̀. Kòkòrò tó sábà ń fà á ni irú èyí tó ń gbé inú ìfun gbogbo wa, nítorí náà kí ẹ má ṣe sáré fẹ̀sùn àtọ̀sí kan ìyàwó yín. Mo ti rí ilé tó fẹ́ẹ̀ tú lórí irú ẹ̀sùn yìí.

Ní ti ìrun yín, bí ẹ̀kán náà bá máa ń dá lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ tètè lọ tọ̀ kí àkókò ìrun tó tó, ẹ dúró kí ó dá, kí ẹ tó ṣe àlùwàlá. Bí ó bá sì jáde lórí ìrun, ẹ tún àlùwàlá ṣe, kí ẹ tún ìrun kí. Ṣùgbọ́n bí kò bá dá rárá, ìdájọ́ Fatimah ọmọ Abu Hubaishi ni tiyín, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ láìdá, tí Ànábì sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ iṣan ni, kì í ṣe nǹkan oṣù, kí ó máa ṣe àlùwàlá fún ìrun kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí àsìkò wọlé, ẹ fọ ojú ara, ẹ fi aṣọ tó mọ́ dì í, ẹ ṣe àlùwàlá, kí ẹ sì kírun lójú ẹsẹ̀. Ohun tó bá kán lẹ́yìn ìyẹn kò ba ìrun náà jẹ́. Ẹ má ṣe máa yọjú wo ṣòkòtò lẹ́yìn gbogbo ráká, ibẹ̀ ni wáswásì (iyèméjì tí kì í tán lọ́kàn) ń gbà wọlé.

Ọ̀nà Máliki, tí ọ̀pọ̀ wa ń tọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tí tirẹ̀ kì í dá, ṣùgbọ́n ó ní ìkọ́ kan tí àwọn ènìyàn kì í sọ: nínú àwọn onímọ̀ ọ̀nà náà ni ẹni tó sọ pé ẹni tó bá lágbára àtitọ́jú ara rẹ̀ tí kò tọ́jú rẹ̀ kò ní ìrọ̀rùn yẹn, àfi ní àsìkò tó bá fi ń gba ìtọ́jú lọ́wọ́. Nítorí náà, oògùn yín ti di ara ọ̀rọ̀ àlùwàlá yín. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe dá a dúró nítorí pé ara ti fúyẹ́ ní ọjọ́ kẹrin. Bí dókítà bá fẹ́ fi ìka yẹ̀ yín wò láti ojú ihò ìdí, ẹ gbà fún un, ìlò tó pọn dandan ló sọ ọ́ di ẹ̀tọ́. Àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ ní gáréèjì kò sí nínú ìtọ́jú tí mo ń wí. Ànábì ti sọ nípa ọtí pé àìsàn ni, kì í ṣe oògùn.

Ẹ fi ṣíṣíwájú ìrun sílẹ̀ fún ẹlòmíràn títí ara yóò fi yá, láìṣe àlàyé fún ẹnikẹ́ni.

Bí ibà àti òtútù bá mú yín, tàbí tí ìtọ̀ bá há pátápátá, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Adó tàbí Ìdó-Èkìtì, ì báà jẹ́ òru. Bí wọ́n bá ti rọ́bà bọ̀ yín lábẹ́ tí ìtọ̀ ń gbà á lọ sínú àpò, ẹ ṣe àlùwàlá, kí ẹ sì kírun pẹ̀lú rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.