Kóró ginkgo tí mo ṣà, ṣé kí n gbìn ín síwájú ilé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. A ra ilé sí Maryland, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún tó kọjá, iwájú ilé náà sì ṣófo. Igi kan wà ládùúgbò wa tí ewé rẹ̀ dà bí abẹ̀bẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ máa ń pọ́n bí ìyeyè tí òtútù bá ti ń bọ̀. Wọ́n ní ginkgo ni. Mo ṣa èso rẹ̀ díẹ̀ wálé. Tí mo bá gbìn ín, ṣé á hù? Báwo ni kí n ṣe tọ́jú rẹ̀? Ṣé ewé rẹ̀ tó ń wọ́ ò ní dà wá láàmú? (Ìyá Kẹ́hìndé)

Ìdáhùn: Ẹ kú ilé tuntun, Ìyá Kẹ́hìndé. Ilé á tura. Kóró yẹn lè hù, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbìn ín síwájú ilé.

Ẹ rántí ìbẹ́pẹ. Tẹ́ ẹ bá gbin kóró rẹ̀, ẹ ò lè mọ èyí tó máa jẹ́ akọ àtèyí tó máa jẹ́ abo, àfi tó bá yọ òdòdó. Bí ginkgo ṣe rí náà nìyẹn. Ìbẹ́pẹ kì í pẹ́ fi ara rẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n ginkgo tó ti inú kóró wá lè lo 20 ọdún sí 30 ọdún kó tó so. Abo ló so èyí tẹ́ ẹ ṣà yẹn, ẹ sì máa ti gbọ́ òórùn rẹ̀. Tí èso náà bá rà nílẹ̀, ńṣe ló ń rùn bí èébì, torí pé irú ásíìdì tó wà nínú bọ́tà tó ti bàjẹ́ ló wà lára rẹ̀. Mo ti rí onílé tó gé arẹwà igi lulẹ̀ nítorí òórùn yìí, lẹ́yìn tó ti tọ́ ọ dàgbà. Ó dùn mí gan-an, mi ò sì fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí yín.

Àwọn èso tó wà nílé ńkọ́? Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kẹ́ ẹ tó kó wọn dànù, torí omi ara wọn máa ń mú kí awọ yún, kó sì lé ròrò. Ẹ má jẹ́ káwọn ọmọ fi kóró rẹ̀ sẹ́nu. Àwọn ará Ṣáínà àti Japan máa ń yan án tàbí sè é jẹ níwọ̀nba, ṣùgbọ́n ọmọdé tó bá jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀, gìrì lè mú un.

Igi akọ ni kẹ́ ẹ lọ rà, èyí tí wọ́n gé ẹ̀ka rẹ̀ lára akọ tí wọ́n mọ̀ dájú, tí wọ́n sì dì í mọ́ gbòǹgbò ginkgo mìíràn títí àwọn méjèèjì fi di ọ̀kan. Irú igi bẹ́ẹ̀ máa ń ní orúkọ tirẹ̀. Tí ààyè bá fẹ̀, ẹ béèrè Autumn Gold. Tí ààyè bá há, Princeton Sentry dára, torí ó tẹ́ẹ́rẹ́. Tó bá jẹ́ Ginkgo biloba, tó jẹ́ orúkọ gbogbo ginkgo, akọ àti abo, nìkan ni wọ́n kọ sára rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ohun kan wà tí àwọn tó ń tà á kì í sábà sọ: ẹ̀ka tó bá rú jáde nísàlẹ̀ ojú ibi tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀, kíákíá ni kẹ́ ẹ gé e. Ara gbòǹgbò ló ti wá, inú kóró ni gbòǹgbò náà sì ti wá, ó lè jẹ́ abo.

Ibi tí oòrùn ti ń pa á dáadáa ni kẹ́ ẹ gbìn ín sí, níbi tí omi kì í dúró sí. Ẹ má gbìn ín sábẹ́ wáyà iná, torí ó lè ga tó mítà 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ihò rẹ̀ fẹ̀ tó ìlọ́po méjì ìṣù gbòǹgbò (ìyẹn gbòǹgbò pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀ tó dì mọ́ ọn), kó má sì jìn ju ìṣù náà lọ. Ibi tí ìdí igi ti fẹ̀ kó tó di gbòǹgbò gbọ́dọ̀ hàn lókè ilẹ̀. Àwọn kan máa ń rì í mọ́lẹ̀ bí ẹni gbin iṣu, díẹ̀díẹ̀ nigi ọ̀hún á máa kú. Ẹ máa bomi rin ín dáadáa fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ní yọ yín lẹ́nu. Kòkòrò kì í fi bẹ́ẹ̀ bá a jà, èéfín mọ́tò kì í sì í pa á lára. Àní ní Hiroshima ní Japan, àwọn ginkgo tí bọ́ǹbù átọ́míìkì ọdún 1945 jó tún rúwé.

Ẹ ṣáà ní sùúrù. Nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 ló sábà máa ń ga sí i lọ́dún, ẹ̀ka rẹ̀ á sì kọ́kọ́ rí jágajàga. Ẹ má torí ẹ̀ gé e lórí.

Ẹ tún bi mí bóyá ewé rẹ̀ á dà yín láàmú? Rárá o. Tí ìrì dídì bá mú un lálẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀pọ̀ jù lọ ewé náà lè wọ́ tán kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Ẹ gbá a lẹ́ẹ̀kan, ó parí.