Láptọ́ọ̀pù mi ń wọ́ bí ìgbín: ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n yí Windows rẹ̀ padà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Láptọ́ọ̀pù tókùnbọ̀ ni mo ń lò ní ṣọ́ọ̀bù mi: Core i5, RAM 4GB, hard disk 500GB, Windows 10 ló wà nínú ẹ̀. Bí mo bá tàn án láàárọ̀, mo lè gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tán kó tó ṣeé lò. Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ní kí n jẹ́ kí òun format ẹ̀, ìyẹn ni pé kí òun nu gbogbo inú ẹ̀, kí òun fi Windows 11 sí i, pé 10 ti kú. Mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí Windows ń ṣe gan-an. Ṣé kí n gbà?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì gbà. Ọ̀rọ̀ méjì ló lọ́ mọ́ra wọn níbí: ohun tó ń mú ẹ̀rọ yín lọ́ra, àti bóyá Windows 10 ṣì ṣeé gbára lé. Oògùn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Windows ni operating system ẹ̀rọ yín, ìyẹn ètò àgbà tó ń darí gbogbo ètò yòókù, bí Android ṣe jẹ́ ti ọ̀pọ̀ fóònù. Kò sí ètò kankan, ìbáà jẹ́ Word, Chrome tàbí ètò tí ẹ fi ń ṣírò ọjà, tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ kan ẹ̀rọ. Windows ni gbogbo wọn ń bẹ̀. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì kan péré. Keyboard kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà ibi tí bọ́tìnì náà wà ló ń fi ránṣẹ́. Ètò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní driver gba nọ́ńbà yẹn wọlé. Windows wo irú keyboard tí ẹ yàn, ó sọ nọ́ńbà di lẹ́tà, ó wo ètò tó wà níwájú yín, ó sì gbé lẹ́tà náà fún un. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè lọ sínú Settings, kí ẹ fi Yorùbá kún àwọn keyboard, kí bọ́tìnì tó ti ń kọ lẹ́tà òyìnbó látẹ̀yìnwá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ẹ tàbí ọ. Bọ́tìnì kò yí padà. Windows ló túmọ̀ rẹ̀ lọ́nà mìíràn.

Nítorí náà, bí wọ́n bá format ẹ̀rọ, tí Wi-Fi tàbí ohùn kò sì yọ mọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ fún yín. Driver ló sábà máa ń sọnù. Ẹ ti gba driver Wi-Fi sílẹ̀ sórí flash láti ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, torí láìsí Wi-Fi, ẹ kò ní rí ibi tí ẹ ó ti gbà á.

Windows náà ló ń pín RAM, ibẹ̀ sì ni mo rò pé ìṣòro yín wà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù mọ̀ ọ́n: RAM ni orí káńtà, hard disk ni sítọ́ọ̀ ẹ̀yìn. Nínú 4GB tí ẹ ní, Windows 10 fúnra rẹ̀ lè gbà tó 2GB. Ẹ ṣí ojú ewé mẹ́fà tàbí méje nínú Chrome, ẹ ṣí WhatsApp, ẹ ṣí ìwé owó yín, káńtà ti kún. Windows kì í sábà pa ètò kan nítorí pé àyè tán. Ohun tí ẹ kò tíì fọwọ́ kàn láti ìgbà díẹ̀ ló máa ń kó lọ sórí hard disk, ní ègé 4KB, 4KB, a sì tún lọ gbé e wá bí ẹ bá padà sí i. Ọgbọ́n gidi ni, ṣùgbọ́n sítọ́ọ̀ yẹn jìnnà. Nínú ọ̀pọ̀ hard disk láptọ́ọ̀pù, àwo pẹlẹbẹ kan ló ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, èyí tí í ṣe ìgbà 90 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Apá kékeré tó ń kà á gbọ́dọ̀ sún dé ọ̀gangan ibi tí ègé náà wà, kó sì dúró kí àwo yí dé abẹ́ rẹ̀. Bí àwọn ègé bá fọ́n káàkiri, nǹkan bí 100 péré ló lè gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. SSD, irú disk tó lè gbapò hard disk, kò ní ohunkóhun tó ń yí; ẹgbẹẹgbàárùn-ún ló ń gbé láàárín àkókò kan náà.

Kí ẹ lè fojú ara yín rí i: bí ẹ bá ti tan ẹ̀rọ, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, kí ẹ ṣí Performance. Bí Memory bá ti kọjá 85%, tí Disk sì dúró gbagidi sórí 100% fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú, ohun tí mo ń sọ nìyẹn. Format lásán yóò mú un yá fúngbà díẹ̀, nítorí ó kó gbogbo ètò tó ń jí pẹ̀lú ẹ̀rọ kúrò. Gbàrà tí ẹ bá dá wọn padà, ìlọ́ra náà dé. Ẹ lè fúnra yín dín wọn kù lọ́fẹ̀ẹ́ níbi Startup, lójú ibẹ̀ kan náà.

Ohun tí owó yín yẹ kó kọ́kọ́ rà ni SSD, irú SATA tí ó jẹ́ ínǹṣì 2.5, tí ó wọ àyè hard disk yín. 240GB tàbí 256GB tó fún iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé RAM dé 8GB. Nínú Performance yẹn, ẹ tẹ Memory, ẹ wo ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n kọ “Slots used” sí: bí ó bá jẹ́ 1 of 2, àyè kan ṣófo. Ẹ rí i dájú bóyá DDR3 ni tàbí DDR4, torí ibi tí wọ́n gé sí lára wọn yàtọ̀, ọ̀kan kò ní wọ àyè èkejì.

Ní ti pé 10 ti kú: kò kú, ṣùgbọ́n ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft, ilé iṣẹ́ tó ṣe Windows, dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró. Ẹ ó ṣì máa tàn án, yóò sì máa ṣiṣẹ́. Ewu rẹ̀ fara sin. Operating system ni oníbodè ẹnu ọ̀nà: òun ló ń sọ pé ètò yìí kò gbọdọ̀ ka fáìlì tọ̀hún, pé àlejò orí íntánẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ wọlé. Bí àṣìṣe bá wà nínú rẹ̀, ihò nìyẹn. Lóṣù Kẹta ọdún 2017, Microsoft di irú ihò bẹ́ẹ̀ kan. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, virus kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba ihò yẹn gan-an wọ àwọn ẹ̀rọ tí wọn kò tíì gba àtúnṣe, ó ti fáìlì wọn pa, ó ń béèrè owó. Ilé ìwòsàn ìjọba wà lára àwọn tó fara gbá a ní Britain, wọ́n sì ní láti fagi lé ọjọ́ tí wọ́n dá fún ọ̀pọ̀ aláìsàn.

Àfikún àtúnṣe ààbò wà fún Windows 10 títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú R, kí ẹ kọ winver. Version 22H2 ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Ẹ wá lọ sí Settings, Update & Security, Windows Update, kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀. $30 ni, àmọ́ ẹ lè má san nǹkan kan bí ẹ bá gbà kí àwọn settings yín máa wà nínú àkáǹtì Microsoft yín.

Ní ti Windows 11, ẹ lọ sí Settings, System, About, kí ẹ ka orúkọ processor, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ yín. Nínú i5-7200U, 7 tó ṣáájú ni ìran rẹ̀. I5-8250U jẹ́ ìran kẹjọ, i5-10210U jẹ́ ìkẹwàá. Intel ìran kẹjọ sókè, pẹ̀lú TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò kan nínú ẹ̀rọ, ni Microsoft fọwọ́ sí. Ẹ kọ tpm.msc síbi tí ẹ kọ winver sí, ẹ ó rí i. Bí tiyín kò bá dé bẹ́ẹ̀, àwọn kan mọ bí wọ́n ṣe ń fipá gbé e wọlé, ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣèlérí àtúnṣe fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àtúnṣe yẹn sì ni ìdí pàtàkì tí ẹ fi ń lọ. Mo fara mọ́ Linux Mint, operating system mìíràn tó lè gbapò Windows, ju ìyẹn lọ. Ọ̀fẹ́ ni, flash 8GB tó o, ẹ sì lè ti orí flash dán an wò kí ẹ rí i bóyá Wi-Fi, ohùn àti printer ń ṣiṣẹ́ kí ẹ tó fi sínú ẹ̀rọ. Microsoft Office tí ẹ ń fi sínú Windows kò ní wọ inú rẹ̀. LibreOffice, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ló wà níbẹ̀. Bí ètò ìṣírò yín bá jẹ́ ti Windows nìkan, ẹ dúró sórí 10 pẹ̀lú àfikún yẹn ná.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ kó Desktop, Documents, Pictures àti Downloads sórí disk mìíràn, kí ẹ ṣí fáìlì bíi mélòó kan lórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn kí ẹ mọ̀ pé wọ́n délé. Ètò kò ṣeé kó bẹ́ẹ̀. Ẹ ní láti tún un fi sí i. Bí BitLocker, àgádágodo tí Windows fi ń ti disk pa, bá ń ṣiṣẹ́, ẹ kọ nọ́ńbà 48 ìgbàpadà rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan BIOS, ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé.

Ẹ má sì san owó key tuntun, ìyẹn nọ́ńbà àṣẹ Windows. Bí Windows tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ ojúlówó, àṣẹ rẹ̀ so mọ́ motherboard, pátákó ńlá inú ẹ̀rọ, yóò padà fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá fi irú kan náà sí i, Home sí Home, Pro sí Pro. Bí ẹni náà bá ní kí ẹ kọ́kọ́ pa antivirus kí òun lè fi activator, ètò tó ń ṣe ayédèrú àṣẹ Windows, sí i, oníbodè ló ní kí ẹ lé kúrò lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ẹ gba ẹ̀rọ yín lọ́wọ́ rẹ̀.