Òkúta tó ń dán tí mo rí nínú odò, ṣé dáyámọ́ńdì ni?

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Góòlù ni mò ń wá nínú odò kékeré kan, bí mo ṣe ń fọ yanrìn ni nǹkan kan yọ. Ó gùn tó àtàńpàkò, ojú mẹ́fà ló ní, orí kan ṣe ṣónṣó, orí kejì ti kán. Ó mọ́ gaara àmọ́ ó ṣú díẹ̀ bíi pé èéfín wà nínú ẹ̀, àwọn abẹ́rẹ́ dúdú tín-ín-rín tún wà nínú ẹ̀, ìlà wẹ́wẹ́ sì wà lára ẹ̀ níbùú. Mo fi ha dígí, dígí gba àpá, ni wọ́n bá ní dáyámọ́ńdì ni. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire, àmọ́ ẹ má tíì pe ẹbí jọ o. Quartz ni, òkúta kan tó wọ́pọ̀ gan-an, irú èyí tó máa ń ṣú bí èéfín yẹn, ẹnu ara yín lẹ sì fi sọ ọ́.

Ti dígí yẹn, ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Líle dígí ò ju bíi 5.5 lọ lórí òṣùwọ̀n Mohs tí wọ́n fi ń wọn líle òkúta, quartz jẹ́ 7, topaz, òkúta iyebíye kan, jẹ́ 8, gbogbo wọn ló máa ha á. Ohun tẹ́ ẹ fìyẹn mọ̀ ò ju pé kì í ṣe àfọ́kù ìgò tí odò ti yí dan, ìyẹn sì pọ̀ nínú odò kọjá bẹ́ẹ̀.

Ìlà ara ẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ti quartz níbùú ló ń lọ, bí ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn, ti topaz àti ti tourmaline, tóun náà jẹ́ òkúta iyebíye, òró ló ń lọ, látìsàlẹ̀ dókè. Dáyámọ́ńdì ní tiẹ̀ kì í gùn bẹ́ẹ̀ yẹn, ojú mẹ́jọ ló sábà máa ń ní, ṣónṣó lókè ṣónṣó nísàlẹ̀. Ẹ tún wo ibi tó ti kán, topaz máa ń là pẹrẹsẹ, ojú ibẹ̀ á tẹ́jú, àmọ́ ti quartz á rí bí ẹnu ìgò tó fọ́.

Tọ́kàn yín ò bá tíì balẹ̀, ẹ wá síkéélì tó ń ka gíráàmù dáadáa. Ẹ wọn òkúta náà ní gbígbẹ, ẹ wá gbé ife omi lé síkéélì, ẹ dá a padà sí òdo, kẹ́ ẹ fi òwú so òkúta náà rọ̀ sínú omi, kó rì pátá àmọ́ kó má kan ìdí ife. Nọ́ńbà tó bá yọ, ẹ fi pín ìwọ̀n gbígbẹ ẹ̀. Ká ní 24 ni gbígbẹ, tí síkéélì wá ka 9, ó jẹ́ bíi 2.67, ìyẹn bí òkúta náà ṣe wúwo tó sí omi tó gba àyè kan náà, quartz náà nìyẹn torí 2.65 ni tiẹ̀. Topaz oníwọ̀n kan náà ò ní ka tó 7, torí ó wúwo ju quartz tí wọ́n jọ tóbi bákan náà lọ, nǹkan bíi 3.5. Dáyámọ́ńdì náà 3.5 ni o, torí ẹ̀ ni mo ṣe kọ́kọ́ ní kẹ́ ẹ wo bó ṣe rí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi háámà dán an wò, dáyámọ́ńdì gan-an máa ń fọ́ tí wọ́n bá lù ú. Ẹ má sì yan án níná, ooru tó pọ̀ máa ń lé àwọ̀ èéfín yẹn lọ.

Abẹ́rẹ́ dúdú yẹn, ó jọ pé tourmaline ni, àwọn tó ń kó òkúta jọ fẹ́ràn ẹ̀. Èyí tẹ́ ò bi mí ló wù mí jù: ṣé etí ẹ̀ ṣì mú, àbí odò ti ha á kúnná? Tó bá ṣì mú, kò tíì rìn jìnnà, ẹ tọ odò lọ sókè, kẹ́ ẹ máa wo àpáta granite ẹ̀bá ẹ̀. Níbi tí quartz èéfín àti tourmaline bá ti jọ wà, topaz àti beryl, òkúta iyebíye mìíràn, lè wà nítòsí, torí náà ẹ má kàn máa da òkúta wẹ́wẹ́ tó bá kù nínú páànù nù torí pé kì í ṣe góòlù.