Bí a ṣe ń kí ọ̀rẹ́ ilé ẹ̀kọ́ nígbà ọdún: ìdáhùn sí lẹ́tà àwọn òǹkàwé

Ọ̀pọ̀ nínú lẹ́tà tí ó dé ọwọ́ wa ní oṣù yìí ló dá lé ọ̀rọ̀ àwọn tí a jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama, àti bí ó ṣe yẹ kí á máa kí ara wa nígbà ọdún. A mú díẹ̀ nínú wọn síbí.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìbàdàn ní 1980, mo sì jáde ní 1985. Àwọn tí a jọ jáde ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp, a sì pọ̀ níbẹ̀. Bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, àwòrán òdòdó àti àdúrà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò kọ ni wọ́n máa ń dà síbẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Èmi náà máa ń fi irú rẹ̀ ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà kò dá mi lóhùn rí, ó sì ń dùn mí. Ṣé kí n ṣíwọ́ kíkí i ni? (Òǹkàwé yín obìnrin, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ má ṣíwọ́. Ọ̀nà tí ẹ ń gbà kí i ni ẹ ó yí padà. Títí di ìsinsìnyí, ọ̀rẹ́ yín kò tíì rí ìkíni gbà lọ́wọ́ yín ní tòótọ́. Ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn ni ó ń rí, kò sì lè mọ̀ pé òun gan-an ni ẹ ní lọ́kàn.

Ẹ rántí àkókò tí ẹ wọ ilé ẹ̀kọ́. Ní oṣù Kẹwàá 1979 ni àwọn ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú UPN bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, Ọ̀yọ́ sì wà lára wọn. Àwọn ọmọ tí òbí wọn kò bá tí lè san owó ilé ẹ̀kọ́ wọlé wìtìwìtì, débi pé wọ́n ní láti pín kíláàsì kan ṣoṣo sí A, B, C, kí ó sì tún máa lọ bẹ́ẹ̀. Oore tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé ni, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ka ìwé yìí lónìí ni ì bá má ka ìwé kankan bí kì í bá ṣe ti ètò yẹn. Síbẹ̀, ó mú kí ó jẹ́ pé ẹ̀yin tí ẹ jáde lọ́dún kan náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò fi lè bá gbogbo ara yín sọ̀rọ̀ nígbà náà, ẹ kò sì lè ṣe é nísinsìnyí. Ẹgbẹ́ WhatsApp kan lè gba ènìyàn 1,024, ṣùgbọ́n ta ni ó lè fi orúkọ kí 1,024 ènìyàn láàárọ̀ ọdún? Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ náà wà fún ìkéde ìpàdé, ìgbéyàwó àti ìsìnkú, kí ẹ sì mú àwọn tí ẹ mọ̀ ní tòótọ́ kúrò nínú èrò náà, kí ẹ máa kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí fóònù alágbèéká tó gbòde ní orílẹ̀-èdè yìí ní 2001, káàdì ni ọ̀pọ̀ wa fi ń kí ẹni tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ni a ti ń tò ní ilé ìfìwéránṣẹ́ kí káàdì Kérésìmesì má baà pẹ́ dé. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi káàdì ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ jókòó, kí ó kọ orúkọ ẹni náà àti ibi tí ó ń gbé sí ara àpò ìwé, kí ó sì ronú ohun tí yóò kọ sínú rẹ̀. Ìrònú yẹn ni ẹni tí ó gba káàdì náà ń dúpẹ́ fún, kì í ṣe bébà. Ó ṣeé ṣe lórí fóònù pẹ̀lú. Bí oríkì ọ̀rẹ́ yín bá jẹ́ Àbẹ̀kẹ́, ẹ fi ohùn ara yín ránṣẹ́ sí i pé: “Àbẹ̀kẹ́, o kú ọdún o, o kú ìyèdún. Mo rántí gàrí àti ẹ̀pà tí a máa ń pín nígbà ìsinmi ọ̀sán. Ṣé ara Màmá ti le? Àṣèyí ṣàmọ́dún, ẹ̀mí wa á ṣe púpọ̀ ọdún láyé.” Kò sí bí ẹ ṣe lè fi irú ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ìdí nìyẹn tí yóò fi wọ̀ ọ́ lára. Ẹ má bẹ̀rù láti pè é ní “ìwọ” bí ẹ ṣe ń ṣe nígbà èwe, ì báà jẹ́ pé ó ti di ìyá àgbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá a láàárín àwọn ọmọ rẹ̀ tàbí àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀, ẹ fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é, nítorí ìyá ni ó jẹ́ lójú tiwọn.

Ẹ tún wo irú ọdún tí ẹ ń kí i. Òótọ́ ni pé ní ilẹ̀ wa, ẹran Iléyá a máa dé ilé onígbàgbọ́, ìrẹsì Kérésìmesì a sì máa dé ilé Mùsùlùmí. Síbẹ̀, ẹni tí a kọ́kọ́ kí ní ọjọ́ ọdún tirẹ̀ gan-an mọ̀ pé wọ́n rántí òun. Ẹ má fi ọjọ́ èṣí ṣírò Iléyá, nítorí a máa fi nǹkan bí ọjọ́ 10 tàbí 11 yára dé lọ́dọọdún: ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ni ó bọ́ sí ní 2024, ọjọ́ 6 oṣù kan náà ni ní 2025. Bí ó bá sì pẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín tó fèsì, ẹ má bi í léèrè ní gbangba. Àìsàn tàbí ọ̀fọ̀ lè wà nínú ilé tí ẹ kò gbọ́. Ẹ pè é lẹ́yìn ọdún, nígbà tí ariwo bá rọlẹ̀.

Ìbéèrè: Owó ẹgbẹ́ wa ti ju agbára mi lọ. Owó aṣọ wà níbẹ̀, owó àtúnṣe kíláàsì wà níbẹ̀, ti àsè ìparí ọdún náà tún wà. Mo ti jẹ gbèsè, ojú sì ń tì mí láti kí ẹnikẹ́ni nígbà ọdún, kí wọ́n má baà rò pé owó ni mo wá tọrọ. (Bàbá kan, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ìdáhùn: Bàbá wa, ẹ kú ìfaradà. Ìlú yín mọ iyì ẹgbẹ́ ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Ọba Síkírù Adétọ̀nà, tí ó gorí ìtẹ́ Awùjalẹ̀ ní 1960 tí ó sì wàjà ní oṣù Keje 2025, ló mú àwọn regbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, sọjí, kò sì sí ẹni tí ó rí wọn nínú aṣọ ẹgbẹ́ wọn níbi ayẹyẹ Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, tí orí rẹ̀ kò ní wú. Ṣùgbọ́n ibi tí aṣọ bá ti ṣe pàtàkì tó báyìí, ẹni tí kò lè ra aṣọ a máa rò pé òun kò ní ẹgbẹ́ mọ́. Èrò yẹn kò tọ́, mo sì fẹ́ kí àwọn olóyè ẹgbẹ́ gbogbo gbọ́ ọ: kíka orúkọ onígbèsè síta ní ọ̀sẹ̀ ọdún ń lé ènìyàn lọ pátápátá.

Ẹ lọ bá akápò yín ní òun nìkan, kí ẹ sọ iye tí ẹ lè san àti ìgbà tí ẹ ó san án. Lẹ́yìn náà, ẹ kí àwọn ọ̀rẹ́ yín bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí ẹ má sì tọrọ gáfárà owó nínú ìkíni náà. Bí ẹ bá tilẹ̀ ní ohun tí ẹ fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ ẹnìkan, ẹ jẹ́ kí ọdún kọjá kí ẹ tó sọ ọ́. Ẹni tí ìkíni yín bá dé etí rẹ̀ láìsí ẹ̀bẹ̀ nínú kò ní sá fún yín nígbà míràn.

Ìbéèrè: Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé. Mo fẹ́ kí ọmọ kíláàsì mi kan ní ọdún tuntun, ṣùgbọ́n ó ti yí orúkọ padà nígbà tí ó lọ sílé ọkọ, mi ò sì rí i níbi kankan. (Òǹkàwé yín obìnrin)

Ìdáhùn: Ẹ fi orúkọ bàbá rẹ̀ wá a. Ẹ bi wọ́n ní agboolé wọn, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tí ìdílé rẹ̀ ń lọ, tàbí lọ́wọ́ olùkọ́ yín tí ó ṣì wà láàyè. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kí i, kí ẹ sì gba àṣẹ rẹ̀ kí ẹ tó fi í sínú ẹgbẹ́ kankan. Àwọn kan wà tí wọ́n ní ìdí tí wọn kò fi fẹ́ kí a rí wọn.

Ìbéèrè: Ọ̀kan nínú wa ṣaláìsí ní oṣù Kẹjọ. Ìyàwó rẹ̀ ń gbé nítòsí mi. Ṣé ó yẹ kí n kí i ní Kérésìmesì àkọ́kọ́ yìí, àbí ìkíni náà yóò tún egbò rẹ̀ ṣí? (Òǹkàwé yín ọkùnrin, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Ẹ kí i. Àwọn ẹgbẹ́ ọkọ rẹ̀ ń pọ̀ nínú ilé náà ní gbogbo ọdún tí ó kọjá, bí kò bá sì rí ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ́tẹ̀ yìí, yóò mọ̀ ọ́n lára. Ẹ má fi fóònù kí i nígbà tí ẹ jọ ń gbé àdúgbò kan náà. Ẹ mú ìyàwó yín dání, kí ẹ lọ ní ọjọ́ kejì ọdún, nígbà tí àlejò kò bá pọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àfẹ́kù,” kí ẹ sì jẹ́ kí ó jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ mẹ́nu ba ọdún. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa olóògbé, ẹ sọ ohun tí ẹ rántí nípa rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀, nítorí ẹ̀yin ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ni ẹ mọ̀ ọ́n nígbà tí ó wà ní ọjọ́ orí tiwọn. Kí ẹ tó kúrò, ẹ bèèrè owó ilé ẹ̀kọ́ wọn ti sáà oṣù Kìn-ín-ní, kí ẹ̀yin ẹgbẹ́ lè mọ bí ẹ ó ṣe ràn án lọ́wọ́ kí wọ́n tó wọlé.