Máṣíìnì tó ń ké látẹ̀yìn: ẹ má tíì ra shock o

Bọ̀dá tó ní máṣíìnì òun ń ké wín-ín wín-ín látẹ̀yìn tóun bá ti gbé èrò, tí Mállàm mẹkáníìkì wọn sì ti ní kí wọ́n lọ ra shock méjì, ìyẹn irin onísípíríǹgì tó máa ń gbà á tí máṣíìnì bá bọ́ sí kòtò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì na kọ́bọ̀. Èmi náà ti ra shock méjì yẹn rí. Kubwa níbí lẹ́bàá Àbújá ni, ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún yẹn, máṣíìnì mi ń han bí asín tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn ará àdúgbò á ti gbọ́ mi kí n tó yọ sí wọn. Mẹkáníìkì mi ò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó kàn fẹsẹ̀ kàn án, ó ní "Ọ̀gá, shock ne", ni mo bá lọ ra shock. Ó ṣì ń ké. Ó ní ah, bìréèkì ṣúù ni, ohun tó ń ha mọ́ inú táyà ẹ̀yìn kó lè dúró, mo ra ìyẹn náà, ó dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta ló bá tún bẹ̀rẹ̀. Owó tí mo ti ná tó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì, ìyàwó mi ní ṣé máṣíìnì ni mo gbé níyàwó ni àbí òun.

Ìbéèrè kan péré ló yẹ kí n ti kọ́kọ́ bi ara mi: ṣé ìgbà tí táyà bá ń yí ló ń ké, àbí ìgbà tí ẹ̀yìn ẹ̀ bá ń lọ sókè sódò? Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ jẹ́ kó dúró lórí táyà méjèèjì, kí ẹ fọwọ́ tẹ ìjókòó ẹ̀yìn bí ẹni ń gúnyán. Tó bá ké níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ò kan táyà rárá. Ó lè jẹ́ rọ́bà orí shock tàbí ti ìdí ẹ̀, ó lè jẹ́ bọ́ọ̀ṣì, òrùka kékeré tó wà ní oríkèé swing arm, ìyẹn irin gbọọrọ tó di táyà ẹ̀yìn mú. Ẹ kán epo ẹ́ńjìnì díẹ̀ sójú kan, ẹ tẹ̀ ẹ́, tí ò bá dákẹ́ ẹ bọ́ sójú kejì, ibi tó bá ti panu mọ́ ibẹ̀ lolè wà. Epo yẹn fún mímú olè ni o, kì í ṣe ìtọ́jú, torí epo máa ń ba rọ́bà jẹ́. Rọ́bà tàbí bọ́ọ̀ṣì yẹn nìkan lẹ sì máa pààrọ̀, kì í ṣe odindi shock.

Tí kò bá ké, ẹ gbé e sórí double stand, ẹsẹ̀ méjì tó ń gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, ẹ fi sí neutral, ẹ fọwọ́ yí táyà. Tó bá ké, ẹ tú nọ́ọ̀tì ìdí ọ̀pá bìréèkì díẹ̀ kí ṣúù má kan họ́ọ̀bù, irin roboto àárín táyà, mọ́, ẹ tún yí i. Tó bá dákẹ́, bìréèkì ni, ó sì lè má kọjá eruku. Àwa tá a wà lẹ́yìn ìgboro yìí, ṣebí láti 2006 ni wọn ò ti jẹ́ kí ọ̀kadà wọ àárín Àbújá mọ́, inú yẹ̀pẹ̀ pupa yìí náà la ń gùn ún kiri. Ẹ nù ún, ẹ fi sandpaper ha ojú ṣúù tó bá ti ń dán, gírísì bíńtín sí ìdí irin tó ń ṣí ṣúù, kò gbọdọ̀ kan ojú ṣúù o, bìréèkì ò ní mú mọ́ nìyẹn. Ẹ má sì fẹnu fẹ́ eruku yẹn, kò dáa fún àyà.

Tí kò bá dákẹ́, ó kù séènì tàbí bearing, òrùka irin inú họ́ọ̀bù tó ń jẹ́ kí táyà yí geere. Tó bá jẹ́ séènì, igbe ẹ̀ kì í bá yíyí táyà mu, torí táyà á yí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ kí séènì tó yí ká lẹ́ẹ̀kan. Kerosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì, kó gbẹ, lẹ́yìn náà gear oil. Condemned oil tí wọ́n máa ń rọ sí i yẹn, eruku ló ń kó jọ.

Tèmi ṣá, bearing ni. Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo fi eyín di fóònù mú nítorí iná, mo yọ táyà. Ìpara pupa kan ti yọ létí bearing, bí ata tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, ìpẹtà ni. Mo ti ìka bọ àárín ẹ̀, mo yí i, ó ń há gìrìgìrì bí ìgbà tí iyanrìn bá wà nínú gaàrí. Ta ló fà á? Èmi náà ni. Gbogbo Sátidé ni mo ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ mọ́tò, tí ọmọ tó ń fọ̀ ọ́ á fi agbára fín omi sí họ́ọ̀bù, ó ti lé gírísì jáde pátá. Séènì tí mo fún pinpin wá dá kún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé èrò nìkan ló ń ké, séènì yẹn ni màá kọ́kọ́ wò. Tí èèyàn bá jókòó sẹ́yìn, séènì máa ń le sí i, tó bá ti le tẹ́lẹ̀ á máa fa bearing. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ gbé e sórí double stand, ẹ fìka gbé séènì ìsàlẹ̀ láàárín, kó máa mì bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 sí 3.5. Tẹ́ ẹ bá tún un ṣe, ẹ wo àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì kí táyà má wọ́. Tó bá tún ké lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yọ táyà kí ẹ fìka yí bearing fúnra yín, kí Mállàm tó dé.