Èsì: Ọ̀pọ̀lọ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan létí odò Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ béèrè bóyá aràn ló gé ẹsẹ̀ àwọn ọ̀pọ̀lọ́ tí ẹ rí. Ẹ má tíì dá aràn lẹ́bi. Ribeiroia ondatrae, aràn tó ń sọ ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ àti salamander (ẹranko bí alángbá tó jẹ́ ìbátan ọ̀pọ̀lọ́) di púpọ̀, ti Amẹ́ríkà ni. Tiyín, ẹsẹ̀ ló dín. Bí ojú ibẹ̀ bá ní àpá, ó lè jẹ́ ẹja tàbí ọmọ lámilámi inú omi ló bù ú jẹ.

Ẹ ka èyí tí ara rẹ̀ pé náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìṣirò yín ò wúlò.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá aràn wà níbẹ̀, ìdí ìgbín odò gan-an ni iṣẹ́ wà, torí inú rẹ̀ ni ọmọ aràn ti ń jáde. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ife omi kànga (omi ẹ̀rọ tó ní klorín á pa ọmọ aràn), níbi ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe inú oòrùn gangan. Lẹ́yìn wákàtí 2, ẹ wò ó bóyá nǹkan bí eruku funfun ń jó nínú omi; ọmọ aràn nìyẹn. Ẹ tún wò láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọmọ aràn mìíràn ń jáde lóru.

Ẹ wọ bàtà òjò o, àtọ̀sí ajá (àrùn tí ọmọ aràn inú odò ń gba awọ ara wọlé fà) ò mọ akẹ́kọ̀ọ́.