Ìyá ọmọ ọdún méjì kan béèrè láti Kétu pé: báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé inú oyún ni ọmọ ti kó kòkòrò àrùn CMV (cytomegalovirus)?
Àyẹ̀wò ìtọ̀ tàbí itọ́ ẹnu ọmọ, láàárín ọjọ́ 21 àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí, ló ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ó ṣeni láàánú pé àkókò kúkúrú yìí máa ń bọ́ mọ́ ọ̀pọ̀ òbí lọ́wọ́.

Lẹ́yìn àkókò náà, bí a bá tilẹ̀ rí kòkòrò CMV lára ọmọ tí kò gbọ́ràn, tí orí rẹ̀ kéré tàbí tí gìrì ń gbé, a kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé inú oyún ló ti kó o, nítorí pé omi ọmú ìyá àti itọ́ àwọn ọmọdé mìíràn náà lè kó o ràn án. Ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ tí a gbà sórí bébà nígbà ìbí, bí ilé ìwòsàn bá tọ́jú rẹ̀, ṣì lè jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n bí a kò bá rí kòkòrò nínú rẹ̀, ìyẹn kò fi hàn pé ọmọ náà kò kó o nínú oyún.

Fún ọmọ ọdún méjì tí ìyá yìí béèrè nípa rẹ̀, dókítà yóò wo àwòrán ọpọlọ, etí àti ojú rẹ̀ pa pọ̀. Àwọn ọmọ kan máa ń gbọ́ràn dáadáa nígbà ìbí, kí etí wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í di lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún díẹ̀.